Kí Ẹ Tó Gba Fóònù Lọ́wọ́ Ọmọbìnrin Yín

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí tí ọmọbìnrin ń gbé lọ́dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ni mo fẹ́ bá yín sọ, mi ò sì ní sọ ọ́ ní bòńkẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ wa ti ń sọ ọ́ ní gbangba, lórí TikTok, lórí Instagram, lórí X, àti nínú àwọn gúrúùpù WhatsApp tí àwa òbí ò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún 17 á gbé fóònù síwájú ara rẹ̀, á máa ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wá, iye ọjọ́ tó ń lò, àti bí inú ṣe ń run ún tó. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn tí kò rí rí á sì máa dá a lóhùn. Àgbà tó bá ṣèèṣì rí i á pariwo pé ayé ti bàjẹ́, á nawọ́ gba fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: kí ló gbé ọmọ yìí dé ọ̀dọ̀ àlejò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bá ìyá rẹ̀ sọ?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin tá a ti dàgbà rántí ohun tí wọ́n sọ fún wa lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Gbólóhùn kan ni: "Tí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn ọ́ báyìí, oyún ni o." Wọ́n fún wa ní aṣọ tàbí páàdì, wọ́n ní ká máa wẹ̀ dáadáa, ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọn ò sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá. Wọn ò sọ iye ọjọ́ tó yẹ kó lò. Wọ́n ní ká má fẹnu kan ṣúgà nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tí inú ń run dé ibi tó ti ń bì, wọ́n ní kó fara dà á, pé bó bá bímọ, yóò lọ. Mi ò bú àwọn ìyá wa, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá tiwọn ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òde òní ní ohun tí àwa ò ní nígbà náà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti lè béèrè láìsí ẹni tó máa fojú burúkú wò wọ́n.

Ilé ìwé náà ò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF jọ gbé jáde lọ́dún 2024 sọ pé nínú ilé ìwé 100 lágbàáyé, 39 péré ló ń kọ́ ọmọ nípa nǹkan oṣù. Ní Nàìjíríà tiwa, níbi tí wọ́n bá ti kọ́ ọ, inú kíláàsì bàólọ́jì ló sábà máa ń jẹ́. Tíṣà á ya ilé ọmọ sójú pátákó, á kọ orúkọ ẹ̀yà ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, tíṣà á sáré kọjá. Ọmọ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì tó rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn léwu kò ní lè nawọ́ sókè. Bó bá délé, ó mọ ibi tó máa wò.

Mo ti bá àwọn ọmọbìnrin jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó wà ní yunifásítì àtàwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán àti irun ṣíṣe. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn kò bá ohun tí àwa àgbà ń rò mu. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń gbà gbọ́. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìpolówó ọjà, pé ẹni tó wọ aṣọ funfun nínú fídíò lè má ṣe dókítà. Ohun tó dùn mọ́ wọn níbẹ̀ ni pé wọ́n rí ẹni tí irú tiwọn ń ṣe. Ọmọ tó ti ń rò láti kékeré pé òun nìkan ni ara òun bàjẹ́ á gbọ́ tí ọmọ mìíràn ní Ìbàdàn tàbí ní London ń ròyìn ìrora kan náà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ohun tó sú wọn ni ẹ̀rù. Lónìí wọ́n á ní ohun kan dára, lọ́la wọ́n á ní òun gan-an ló ń fa àìrọ́mọbí. Fóònù pàápàá kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi, torí ohun téèyàn bá dúró wò ni yóò máa gbé wá. Ọmọ tó bá wo fídíò kan nípa àrùn ilé ọmọ lálẹ́, kó tó di àárọ̀, á ti gbà pé gbogbo àrùn inú ilé ọmọ ló wà lára òun. Ìbéèrè tí mo sì gbọ́ jù lẹ́nu wọn ni pé, "Ta la fẹ́ bi bóyá òótọ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ ìwé yìí. Ọmọ náà ti rí ohun tó rí. Ó ń wá ẹni tó máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá gba fóònù náà, a ò tíì dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ìrànù nìkan ni àwọn obìnrin ń sọ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Rupi Kaur, akéwì ará Kánádà tí wọ́n bí ní Íńdíà, gbé àwòrán ara rẹ̀ sórí Instagram: ó sùn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ta sí aṣọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé iṣẹ́ náà yọ àwòrán yìí. Ó fi ẹjọ́ wọn sun gbogbo ayé, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dá a padà. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù fún àwa tí à ń tọ́ ọmọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2021.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà bẹ̀rẹ̀ sí í kárí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn obìnrin ń kọ ọ́ sórí Twitter, tí wọ́n ń pè ní X báyìí, pé nǹkan oṣù àwọn yí padà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà. Ti ẹnì kan pọ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ, ti ẹlòmíràn tètè dé, ti ẹlòmíràn pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sọ fún ní ilé ìwòsàn pé ìdààmú ọkàn lásán ni. Kathryn Clancy, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Yunifásítì Illinois, rí irú àyípadà yìí lára òun náà, ó sì kọ ọ́ síta. Ìdáhùn rọ́ wọlé bí omi. Òun àti Katharine Lee gbé ìwádìí kalẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ Science Advances lọ́dún 2022, ìdáhùn èèyàn tó lé ní 39,000 ló wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn tí nǹkan oṣù wọn máa ń wá déédéé, 42 nínú 100 ní ẹ̀jẹ̀ àwọn pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ló dáhùn, nítorí náà a ò lè fi iye yẹn ka gbogbo obìnrin ayé. Ṣùgbọ́n ó ti hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlá. Ìwádìí mìíràn tí Alison Edelman darí wo àkọsílẹ̀ ọjọ́ nǹkan oṣù àwọn obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000, ó rí i pé abẹ́rẹ́ náà sún ọjọ́ síwájú lóòótọ́, àmọ́ kò tó ọjọ́ kan, kò sì pẹ́ tó fi padà bọ̀ sípò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù ní kí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó pọ̀ jù mọ́ ohun tí abẹ́rẹ́ Pfizer àti ti Moderna lè fà, wọ́n sì sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í le, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí àwọn tó mọ̀ kọ̀ láti dáhùn. Àwọn kan gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ń sọ obìnrin di àgàn. Irọ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí wọ́n ti sọ fún pé ohun tó rí lára rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀, báwo ni yóò ṣe gba àwọn kan náà gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ náà kì í sọ obìnrin di àgàn? Àwọn tó dán abẹ́rẹ́ náà wò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè nípa nǹkan oṣù lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó wà nínú ìwádìí wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí nínú ilé wa. Bí òbí bá ní "kò sí nǹkan kan" fún ọmọ tó ń jẹ̀rora, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ fún un pé nǹkan kan wà ni yóò gbà gbọ́, bí onítọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ gbájúẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ ìrora náà. Ó gba kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Inú rírun díẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní tàbí ìkejì kò burú. Ilé ọmọ ló ń sún kì láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, omi gbígbóná nínú ìgò lórí ikùn sì máa ń dín in kù. Oògùn bí ibuprofen náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọ́n bá tètè lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ikọ́ fée (asthma) bi oníṣègùn kó tó lò ó. Ìrora tó ń dá ọmọ dúró nílé lóṣooṣù, tó ń mú un bì, tó ń mú un dákú, tí oògùn ò ká, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fara dà. Ó lè jẹ́ endometriosis. Níbẹ̀, ẹran ara tó jọ èyí tó tẹ́ inú ilé ọmọ ló ń hù síta ilé ọmọ, ibi tí kò yẹ kó wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó ń ṣe nǹkan bí obìnrin 10 nínú 100 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, ìyẹn nǹkan bí mílíọ̀nù 190 káàkiri ayé. Ìtọ́jú wà tó ń mú un rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lo ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó rí ẹni tó sọ fún wọn pé òun ni, nítorí láti ọmọ ọdún 13 ni gbogbo ayé ti ń sọ fún wọn pé bí obìnrin ṣe máa ń rí nìyẹn.

Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní PCOS. Nǹkan oṣù ọmọ náà á máa fo oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, irun á máa hù ní àgbọ̀n, pímpù á kún ojú, ara á máa sanra. Àwọn aládùúgbò á ní oyún ló ní, tàbí pé ó ti ń bá ọkùnrin rìn. Nínú obìnrin 100 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, 10 sí 13 ni ó ń ṣe, ó sì lè tó 70 nínú 100 àwọn tó ní in tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àwọn àrùn wọ̀nyí. Ẹ ò lè ní kí n bínú sí fóònù lórí ìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù náà ń kọ́? Lọ́dún 2018, ìwádìí ìjọba lórí ìlera ìdílé ní Nàìjíríà rí i pé 58 nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. Ohun tó ń fà á pọ̀: oúnjẹ, ibà, oyún. Ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣòfò lóṣooṣù tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Ọmọ náà á máa sùn ní kíláàsì, òyì á máa kọ́ ọ, wọ́n á ní ó ya ọ̀lẹ. Nítorí náà, ẹ fi àwọn wọ̀nyí sọ́kàn. Láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù kan bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ tí èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 21 sí 35 ni fún obìnrin tó ti dàgbà; fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè tó 45 ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà máa ń lo ọjọ́ 2 sí 7. Bó bá ju 7 lọ, bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì léraléra, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá láàárín oṣù, bó bá di oṣù mẹ́ta tí kò wá tí oyún kò sì sí, tàbí bí ọmọ bá pé ọdún 15 láì tíì rí i rí, ẹ lọ rí dókítà. Kò gba pé kí ẹnikẹ́ni ti bá ọkùnrin sùn kó tó lọ.

Ibi tí ọkàn mi ti gbóná ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà lórí ìrora yìí.

Ẹ ti rí fídíò náà. Ẹni tó ń tà á á mú páàdì tí gbogbo èèyàn ń rà lọ́jà, á ya á, á rẹ inú rẹ̀ sínú ife omi, á fi ṣíbí rò ó títí tí yóò fi fọ́ yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Á ní ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀, pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò mú tirẹ̀ jáde, èyí tó ní ìlà aláwọ̀ láàárín, tí wọ́n ní "anion" wà nínú rẹ̀ tó ń wo inú rírun, àrùn ojú ara àti ìju sàn. Owó rẹ̀ ga, wọ́n sì tún ní kí ìwọ náà wọlé kó o máa tà á. Ẹ gbọ́ òtítọ́ ibẹ̀. Igi ni wọ́n ń lọ̀ tí ó di òwú inú ọ̀pọ̀ páàdì, pẹ̀lú èròjà tó ń fa omi mọ́ra tí ó ń dì bíi jẹ́lì. Igi ni wọ́n fi ń ṣe ìwé náà, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ́ nínú omi bí ìwé ṣe ń fọ́. Fídíò yẹn kò fi ìwé ìròyìn kankan hàn. Iṣẹ́ páàdì ni kó gba ẹ̀jẹ̀. Kò sí páàdì tó ń wo ìju sàn.

Àwọn mìíràn ń ta ewé tí wọ́n dì sínú aṣọ róbótó kékeré, pé kí ọmọbìnrin kì í bọ ojú ara fún ọjọ́ mélòó kan kó lè "fọ ilé ọmọ". Bí wọ́n bá yọ ọ́, ohun funfun kan á tẹ̀ lé e jáde, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní ìdọ̀tí inú nìyẹn. Ara tó ń bínú ni, pẹ̀lú awọ inú tó bó. Ojú ara obìnrin ní àwọn kòkòrò tíntìntín tirẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, ó ń fọ ara rẹ̀, ẹni tó bá ń da nǹkan sínú rẹ̀ ló ń lé àwọn tó ń ṣọ́ ọ kúrò tí àrùn fi ń wọlé. Omi lásán níta ti tó. Omi funfun tàbí èyí tó mọ́ lọ́lọ́ tó ń yí padà láàárín oṣù kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní "toilet infection". Bó bá ń rùn, tó ń yún ni, tó yí àwọ̀ padà tàbí tó dì bíi wàrà tó bàjẹ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gba lọ. Àwọn tó sì ní kí obìnrin jókòó lórí omi gbígbóná tó ní ewé nínú, ẹ rántí pé ní Kánádà, àwọn dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ wọn lọ́dún 2019 nípa obìnrin ọmọ ọdún 62 tí ooru náà bó lára.

Mi ò gbógun ti ewé o. Àwọn ìyá wa mu omi atalẹ̀ gbígbóná sí inú rírun, èmi náà á fún ọmọ mi. Ohun tí mo lòdì sí ni ẹnì kan ṣoṣo tó ní ohun kan ṣoṣo tó ń wo PCOS, ìju, àìrọ́mọbí àti ikùn ńlá papọ̀, tí kò rí aláìsàn náà sójú rí. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ike kò sọ pé ó ń wo àrùn sàn. Ẹ ka ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn ike àgbo tí wọ́n dì tà, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń tà á, mo mọ̀ pé owó ilé ìwé àti owó ilé lẹ ń wá. Ẹ máa ta páàdì gẹ́gẹ́ bíi páàdì. Ẹ má ta ìwòsàn tẹ́ ẹ ò ní.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí ó nira. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ti lo Postinor, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró. Oògùn yẹn lè mú kí nǹkan oṣù tó tẹ̀ lé e tètè dé tàbí kó pẹ́. Ọmọ náà á bẹ̀rù, kò ní lè sọ fún ìyá rẹ̀, á lọ bi fóònù, wọ́n á sì ta oògùn "fífọ ilé ọmọ" fún un. Bí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ní dé ibẹ̀.

Àwọn àṣà yòókù tó gbòde, wọn ò gba ariwo. Alisa Vitti kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013 pé kí obìnrin máa yí oúnjẹ, iṣẹ́ àti eré ìdárayá rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀sẹ̀ oṣù rẹ̀ bá ṣe rí. Àwọn kan ń jẹ èso elégédé ní ìdajì oṣù, wọ́n ń jẹ yànmọtí ní ìdajì kejì. Ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin kò sí pé ó ń tún nǹkan oṣù ṣe. Bí ọmọ bá fẹ́ jẹ yànmọtí, kó jẹ ẹ́, oúnjẹ ni. Kó má fi rọ́pò dókítà ni tèmi. Ìgbàgbọ́ tó wà ní hósítẹ́ẹ̀lì pé nǹkan oṣù àwọn tó ń gbé pọ̀ máa ń bá ara wọn mu, orí fóònù kọ́ ló ti wá. Onímọ̀ kan, Martha McClintock, ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1971 lẹ́yìn tó wo akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin 135, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tún un wò lẹ́yìn rẹ̀ kò sì rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú áàpù tí wọ́n fi ń ka ọjọ́. Ó wúlò. Àmọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Flo, ọ̀kan nínú èyí tí obìnrin ń lò jù lágbàáyé, pé ó ń fi ọ̀rọ̀ ara àwọn obìnrin ránṣẹ́ sí Facebook, Google àti àwọn mìíràn lẹ́yìn tó ti ṣèlérí pé àṣírí ni. Flo gbà láti yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba. Lórí ọ̀rọ̀ áàpù yìí kan náà, ìgbìmọ̀ adájọ́ kan ní San Francisco dá Meta tó ni Facebook lẹ́bi ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Nàìjíríà ní òfin ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n òfin ò lè bá ọ tẹ fóònù. Kàlẹ́ńdà ara ògiri àti bírò ṣì ń ṣiṣẹ́ yìí kan náà.

Ẹ̀yin bàbá, owó páàdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá nìkan. Òfin ìnáwó ọdún 2019 yọ owó orí VAT kúrò lára páàdì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa, síbẹ̀ bí náírà ṣe já ni owó rẹ̀ gòkè. Ẹ kà á mọ́ owó oúnjẹ. Bí agbára ò bá gbé e, aṣọ òwú tó mọ́, tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ tí wọ́n sì sá sínú oòrùn, kò ní ìtìjú kankan nínú.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti onísọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ọmọbìnrin tó bá wá sọ pé ojú ara ń yún òun kò wá gba ìwàásù. Àwọn ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé ohùn tí wọ́n fi ń dá àwọn lóhùn níwájú èrò ní ọ̀dọ̀ yín ló lé àwọn padà sórí fóònù. Ẹ̀yin olórí ẹ̀sìn, bí ìlànà yín bá ní kí obìnrin yẹra fún ìsìn ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ létí àwọn ọmọ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àrùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kẹ́ ẹ tó dá owó ayẹyẹ, ẹ lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin bóyá omi wà níbẹ̀, bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, bóyá ibi tí wọ́n lè da páàdì sí wà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ ò ṣe ohun tó burú pé ẹ béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà, bó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀nà ló bi. Kí ẹ tó gba fídíò gbọ́, ẹ wo ohun tí onítọ̀hún ń tà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ki ohunkóhun bọ ara yín nítorí fídíò. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye páàdì tẹ́ ẹ lò àti bí ìrora ṣe rí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà. Bí dókítà kan bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òbí, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ pe ọmọ náà jókòó lálẹ́ òní, ẹ ní kó fi fídíò tó ń wò hàn yín, kẹ́ ẹ sì jọ wò ó dópin láìbú u. Èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ sọ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ jọ lọ bi nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Bí ó bá sì sọ fún yín pé ìrora ń dá òun dúró nílé lóṣooṣù, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀, ẹ mú un lọ sí ọsibítù ní ọ̀sẹ̀ yìí.